Bàtà sèfítì tòkunbọ̀ àbí tuntun: èwo ni kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe kọ́ńtíráàtì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ni mo kọ èyí fún, pàápàá tí wọ́n bá fún yín ní ofároòlù àti hẹ́mẹ́ẹ̀tì tán tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ lọ fowó ara yín ra bàtà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ná o, torí Factories Act, òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa, sọ pé ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ pèsè aṣọ ìdáàbòbò, títí kan bàtà níbi tó bá ti pọn dandan, fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un fara kan nǹkan tó lè pa á lára. Tí wọ́n bá ṣì ní àwọn ò ní, ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjà.

Oríṣi méjì ló kún ọjà. Tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ti wọ̀ nílùú òyìnbó kí wọ́n tó dì í ní béèlì wá sí ọjà Katangowa l'Ékòó, àti tuntun inú páálí, tó jẹ́ pé Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Mo ti fi méjèèjì dúró lórí láìnì tí wọ́n ti ń to mọ́tò.

Irin tó wà níwájú bàtà láti dáàbò bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ṣòfò àkókò. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ mọ̀: irin tí nǹkan wúwo bá ti já lù lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, awọ á sì bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹ ò ní rí i. Pẹ̀lú tòkunbọ̀, ta ló mọ ohun tó já lù ú ní Jámánì? Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì dání tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin ni tàbí composite, ìyẹn ike líle, àmọ́ ẹ má torí pé mágnẹ́ẹ̀tì ò mú un kẹ́ ẹ ní kò dáa, composite náà ń yege ìdánwò 200 joules, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ti ń ju nǹkan wúwo lù ú, bíi ti irin, ó tún fúyẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ní ti awọ, tòkunbọ̀ ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Awọ ẹ̀ ki, ó sì ti rọ̀, kò ní bó yín lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ṣáà ti yọ tìmùtìmù inú ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i.

Sóòlù wá ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ bàtà sèfítì, PU ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀, fóòmù líle kan tó fúyẹ́ tó sì tura. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú PU yìí díẹ̀díẹ̀, á máa tú u látinú wá, ooru sì ń jẹ́ kó yá sí i. Kì í ṣe pé ẹ̀ ń rìn jù ló fà á o, bàtà tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, tó jókòó sínú páálí, òun náà ń jẹrà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàtà fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé kí ó má kọjá ọdún 3 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wá ro tòkunbọ̀ wò, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, wọ́n jù ú sí ilé ìkẹ́rùsí, ó gun orí òkun nínú kọ̀ǹténà, ó wá dé Èkó níbi tí ooru òun ọ̀rinrin ò ti dáwọ́ dúró.

Èyí tí mo rà, orúkọ ńlá ló wà lára ẹ̀, awọ ẹ̀ ń dán, mo sì san owó gidi. Kò pẹ́ tí ìgìgísẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já ìyẹ̀fun dúdú sílẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni, títí ó fi di àárọ̀ ọjọ́ kan ní bọ́dì-ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé ẹsẹ̀ tí ìsàlẹ̀ bàtà dúró sílẹ̀, tó rún wómúwómú, láìnì ń lọ, èmi ń fi awọ lásán tẹ ilẹ̀ tí èérún irin gbígbóná wà. Súpáfáísọ̀ ní kí n jáde, owó ọjọ́ yẹn sì lọ. Ṣùméńkà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní gúlù ò lè mú un torí pé PU náà fúnra ẹ̀ ló ti kú, kò sí ibi tí gúlù máa dì mú. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ọjà òkìrìkà kì í padà. Nígbà tí mo wá ra tuntun lé e, owó tí mo ná lápapọ̀ ju kí n ti ra tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Báyìí lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí ahọ́n bàtà, déètì tí wọ́n ṣe é máa wà níbẹ̀, nítòsí EN ISO 20345, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà bàtà sèfítì. Tí déètì bá ti pa rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ tẹ bàtà yẹn kó tẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wo ibi tó ká bóyá ó ń sán wẹ́wẹ́, ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ sóòlù, tó bá ń bu tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ fi aṣọ omi nù ún dáadáa kẹ́ ẹ tó wò ó, torí wọ́n máa ń fi pólíìṣì dí ojú ibi tó sán.

Ẹ máà rò pé tuntun bọ́ lọ́wọ́ èyí o. PU náà ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó sì lè ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo ń wá báyìí ni sóòlù rọ́bà nitrile, tó ní HRO lára. HRO túmọ̀ sí pé ó lè fara kan nǹkan tó gbóná dé 300°C fún ìṣẹ́jú 1 láì yọ́. Rọ́bà wúwo díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ á sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í tú bíi PU.

Ẹ̀yin ará pẹ́ńtì-ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ SB sí, ìpele tó kéré jù nìyẹn, ìlànà ò sì sọ ọ́ di dandan kí ó ní antistatic, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná tó kó jọ sí ara gba inú bàtà wọlẹ̀. Ìpele S1 lọ sókè ni kẹ́ ẹ mú, nítorí tínà tó wà nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná tí iná ara bá ta pàrà. Tòkunbọ̀ tí pẹ́ńtì àti gúlù ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má mú un wọbẹ̀ rárá, torí kò ní jẹ́ kí iná ara yẹn wọlẹ̀. Tí ilẹ̀ ibi iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọ́ìlì, ẹ wá èyí tó ní FO, ìyẹn sóòlù tó lè fara da ọ́ìlì.

Ayédèrú wà nínú tuntun, ìyẹn ni tòkunbọ̀ fi sàn díẹ̀. Wọ́n á kọ S3, ìpele tó ga ju S1 lọ, gàdàgbà sára awọ, inú ẹ̀ ò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kò ní déètì, kò ní nọ́ńbà ìlànà kankan.

Iye owó, tòkunbọ̀ lè má ju ìdajì owó tuntun lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀, tó kàn ń gba inú fáktírì kọjá, tó bá rí tòkunbọ̀ onírọ́bà tí wọ́n fi òwú rán ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó rà á, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹni tó bá ń dúró sídìí wẹ́dìǹgì tàbí pẹ́ńtì láti àárọ̀ dalẹ́, tuntun onírọ́bà tí déètì ẹ̀ ò tíì ju ọdún kan lọ ni kó tọ́jú owó sí, bí awọ ẹ̀ tiẹ̀ le.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, ìgbà yẹn lẹsẹ̀ ń wú, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́ lọ. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ ní kó kọ déètì tó wà lára bàtà sí i, òun lẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀ tí sóòlù bá ṣí.