Ogójì ìgbà nínú ọ̀pá ọ́síjìn: ohun tí mo rí lórí ìtọ́jú ọmọ mi ṣọ́jà ní Ilé-Ifẹ̀

Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni èmi àti àkọ́bí mi wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nítorí ìtọ́jú ọ́síjìn, tí èèyàn á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan láti máa mí ọ́síjìn pọ́ńbélé símú, tí àjọ aláàánú kan ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ṣọ́jà tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ogójì nínú rẹ̀ ló wọlé. Mẹ́ta tó kù, òfo la gbà bọ̀, màá sọ ìdí rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo wá ẹni tí yóò fi èdè wa sọ fún mi bí nǹkan náà ṣe rí, mi ò rí. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Lọ́dún 2016, ní Borno, ọkọ̀ tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀ gun àdó olóró tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára rẹ̀, egungun kan ò ṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bú, agbára rẹ̀ a mi ọpọlọ nínú agbárí, bí ẹni ń mi omi inú akèrègbè. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò orí tí wọ́n ń yà nílé ìwòsàn kì í fi hàn, àwọn èèyàn á wá máa rò pé ẹni náà kàn ń ṣe ara rẹ̀ ni. Ọdún 2019 ló fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ tó padà sọ́dọ̀ mi. Á gbé omi kaná, á gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò á fi jó. Orí ń fọ́ ọ, etí ń hó o, iná gílóòbù ń gún un lójú. Bí aago méjì òru bá ti lù, oorun tán. Ọmọ tí kì í bínú láti kékeré wá di ẹni tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń sá fún. Àwọn kan ládùúgbò ní kí n lọ wádìí, pé ọwọ́ ayé lè wà níbẹ̀. Mo sì wádìí, mi ò ní purọ́.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ló júwe àjọ náà fún wa. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tó ní àlébù ò gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀rọ yẹn, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá oògùn tí wọ́n ń fún un nílé ìwòsàn dúró. Dókítà wá bi í pé, “Lẹ́yìn tó bú tán, kí lo kọ́kọ́ gbọ́?” Ọmọ mi dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Èmi ìyá rẹ̀ tí a jọ ń gbé ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, torí pé mi ò bi í rí.

Ẹ̀rọ náà dà bí ọ̀pá ńlá tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Èèyàn á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á sì máa rọ ọ́síjìn wọlé láti inú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú níta, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ọ́síjìn. Ti inú ọ̀pá yẹn, ọ́síjìn pọ́ńbélé ni, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí agbára rẹ̀ á fi di ìlọ́po kan àbọ̀ ti ìta, kí ó lè wọnú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lọ. Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Etí á dí bí ìgbà tí mọ́tò bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, kí èèyàn máa gbé itọ́ mì ni.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ti fi òrí pa á lára láti ilé, nítorí ọyẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe gbóòórùn rẹ̀ báyìí, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ àti omi wà lẹ́yìn.” Níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ tó báyẹn, ìṣáná kékeré ti tó láti dá iná tí kò ní ṣeé pa, òróró sì ń ràn án lọ́wọ́. Mo fọ ẹ̀yìn ọmọ mi, ọkùnrin onírùngbọ̀n, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Kò bá mi jà. Wọ́n fún un ní aṣọ òwú, wọ́n gba fóònù àti aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn mi rèé. Ìgbà mẹ́ta ni sílíńdà tán tí ẹnikẹ́ni ò pè wá. A dé Ifẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú, ṣùgbọ́n owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ èèyàn méjì kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni mo fi ń san án. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, iná lọ nígbà tó wà nínú ọ̀pá, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ẹni tó wà nínú sọ̀rọ̀ kú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé gíláàsì náà, òun náà gbé tirẹ̀ lé e láti inú. Nọ́ọ̀sì ń dín afẹ́fẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀, torí pé kò ṣeé sáré ṣe, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi ṣí. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ tó bú ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń há mọ́ inú ẹ̀rọ láìsí jẹnẹrétọ̀ gidi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ra òmíràn.

Mo ń kọ oorun rẹ̀ sínú ìwé kan lálaalẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ló ti ń sùn di aago mẹ́rin, nígbà tó fi máa parí, ó ń sùn di márùn-ún lọ́pọ̀ òru. Orí fífọ́ dín kù. Etí ṣì ń hó. Ìgbàgbé ò yí padà, mo ṣì ń lọ wo iná ìdáná lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín sọ pé ọ́síjìn yìí “ń wo ọpọlọ sàn”. Mo bi dókítà, ó sì ṣe olóòótọ́ sí mi. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú, fọwọ́ sí i fún àìsàn àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun, fún ẹni tó fa èéfín olóró símú, fún ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i fún ọpọlọ tó fara gbọgbẹ́. Iléeṣẹ́ ológun wọn dán an wò: àwọn tí wọ́n kàn tẹ́ sínú ẹ̀rọ láìfún wọn ní ọ́síjìn pọ́ńbélé, ara àwọn náà yá sí i, kò wá dájú pé ọ́síjìn ló ń ṣe é. Síbẹ̀ àwọn àjọ aláàánú ń sanwó rẹ̀ fún ṣọ́jà àtijọ́ níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Oklahoma ṣòfin tó tì í lẹ́yìn ní 2014, nígbà tó sì di 2017, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ṣọ́jà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún díẹ̀ nínú wọn tí ìpayà ogun ò tíì kúrò lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà nínú ìwé pélébé yẹn. Ìyá ẹlòmíràn lè ta ilẹ̀ nítorí “ń wo sàn”.

Mi ò lè búra pé ọ́síjìn ló ṣe é. A ń jí lágogo kan náà lójoojúmọ́. Ẹnì kan ń retí rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó ń fi orúkọ oyè rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun pè é. Àti pé nínú mọ́tò, bí a bá ti kọjá Òṣú, ó máa ń sọ̀rọ̀. Láàárín Òṣú sí Ifẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ, mo ní kó lọ, kó má fi dókítà tó ní sílẹ̀, kó sì pè wọ́n kó tó kúrò nílé.

Ní Kérésìmesì tó ṣáájú ìtọ́jú yìí, nígbà tí àwọn ọmọdé yin bángà níwájú ilé, abẹ́ tábìlì ni mo ti fà á jáde. Ti èyí tó kọjá yìí, ó gbọ̀n, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ṣa abọ́ náà nílẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn.”