Kọ́ṣọ̀n, onídùúró, àbí ẹ̀yáwó? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbalé ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá ti wálé gbà ní Ìkòròdú láìpẹ́ yìí mọ ohun tí ajẹ́ńtì máa ń kà síni létí: owó ilé, agirimẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, lẹ́yìn náà kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń mú dání nítorí ohun tí ẹ bá bàjẹ́ nínú ilé. Mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹ bá ti san án, ó lọ nìyẹn. Kọ́ṣọ̀n nìkan ni wọ́n máa ń sọ pé, "Tiyín ṣì ni o, ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ ó gbà á." Owó tó jẹ́ tiyín àmọ́ tó wà lápò ẹlòmíràn yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, torí mo ti fi owó kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra. Kí ẹ kó kọ́ṣọ̀n kalẹ̀ lódindi. Kí ẹ mú onídùúró wá dípò owó. Kí ẹ yá owó náà, yálà lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù tàbí lórí áàpù fóònù. Ẹ̀kẹrin ni ìwé adójútòfò tí àwọn ará òkè òkun ń rà dípò kọ́ṣọ̀n. Mo lo ti àkọ́kọ́ ní Àgríìkì, mo lo ti onídùúró ní Ìgbógbó, mo ti yáwó lọ́nà méjèèjì, àbúrò mi tó wà ní Manchester ló sì lo ti adójútòfò.

Owó tó ń jáde lápò lọ́jọ́ tí ẹ gbalé

Onídùúró ló fúyẹ́ jù. Owó mọ́tò àti fọ́tò pélébé méjì ni mo ná lé e lórí. Adójútòfò tẹ̀ lé e: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba nǹkan bí owó ilé ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ owó yẹn kì í padà wá. Kọ́ṣọ̀n ló ń wúwo jù.

Ẹ̀yáwó dà bí ẹni pé ó fúyẹ́, kò fúyẹ́ rárá. Nígbà tí mo fẹ́ san kọ́ṣọ̀n Àgríìkì, mo yá 60,000 náírà lórí áàpù kan. 51,000 ló wọ àkáǹtì mi, wọ́n ti yọ èlé wọn kí n tó fojú kan owó, 60,000 ni mo sì máa dá padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo fi ọjọ́ méjì pẹ́. Wọ́n ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi pé gbèsè ń bẹ lọ́rùn mi. Télọ̀ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, orúkọ ni mo fi ń jẹun. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ní kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, orúkọ àwọn tó gbàṣẹ sì wà lórí ìkànnì wọn. Tó bá di kàn-án-ńpá kí ẹ yá, ẹ kọ́kọ́ wò ó níbẹ̀.

Ti alájẹṣẹ́kù dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ìlọ́po méjì ohun tí èèyàn bá ti fi pamọ́ ni wọ́n lè yá a, èlé rẹ̀ kò sì gani lára. Ṣùgbọ́n wọn ò ní yá yín láìjẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ méjì fọwọ́ sìwé fún yín. Ìyẹn ni pé onídùúró lẹ ṣì máa wá lọ. Tẹ́ ẹ bá ti lè rí méjì fún alájẹṣẹ́kù, ẹ ò ṣe mú ọ̀kan nínú wọn lọ sọ́dọ̀ onílé ní tààrà?

Ọjọ́ tí ẹ máa kó jáde

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mi ò wò nìyí nígbà tí mò ń gba ilé àkọ́kọ́, òun ló sì gba owó lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́rin la lò ní Àgríìkì, yàrá méjì àti pálọ̀. 100,000 náírà ni kọ́ṣọ̀n. Ọjọ́ Sátidé la kó ẹrù tán. Mo gbálẹ̀, mo fọṣẹ fọ gbogbo táìsì, mo nu gíláàsì fèrèsé nínú nu ún níta, mo wá pe Bàbá onílé pé kí wọ́n wá wo ilé. Wọ́n dé pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń fi orí kọ́kọ́rọ́ kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́, wọ́n ń dẹtí sí i. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n tì í. Wọ́n wá gbójú sókè wo àjà pálọ̀, níbi tí òjò ti ya àpá pupa kan tó fẹ̀ tó atẹ sí kí àwa tó débẹ̀ rárá.

Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ba ilé yìí jẹ́ o."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, òjò ló ń jò níbẹ̀ yẹn. A bá a níbẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Ẹ bá a níbẹ̀? Níbo la kọ ọ́ sí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. A ò kọ ọ́ síbì kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́, inú wa dùn, à ń jó, ta ló ń ya àjà ní fọ́tò? Bàbá fa ewé kan ya láàárín ìwé àwọn ọmọ mi tó wà lórí ẹrù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀dà, 60,000. Àjà, 25,000. Ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, 18,000. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, 12,000. Àròpọ̀ rẹ̀, 115,000. Èmi tí mo wá gba 100,000, èmi ni wọ́n ní kí n fi 15,000 kún un. Mo lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ó ní òun á bá wọn sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀. Ohun tí mo rí gbà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Bàbá ní àwọn dárí 15,000 yẹn jì mí.

Mo ti rò ó títí, mi ò sì gbà pé Bàbá burú ju onílé yòókù lọ. Owó yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé kì í tọ́jú kọ́ṣọ̀n sọ́tọ̀. Wọ́n á fi tún òrùlé ṣe, wọ́n á fi sanwó ilé ìwé ọmọ, kọ́ṣọ̀n ayálégbé tuntun ni wọ́n sì fẹ́ fi san ti ẹni tó ń lọ. Tí tuntun ò bá tíì dé, àpò ara wọn ni wọ́n máa kiwọ́ bọ̀. Ẹni tó bá wà nípò yẹn á rí àléébù lára ògiri dandan. Ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló tún ń ṣe adájọ́, ẹni tí owó jẹ́ tirẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Òfin wà fún un, mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé tí onílé tàbí ajẹ́ńtì bá gba owó fún àtúnṣe lọ́tọ̀ sí owó ilé, ó gbọ́dọ̀ já risíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ìkòròdú kò sí níbẹ̀, torí náà ó kàn wá. Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ náà wà láti bá onílé àti ayálégbé parí ìjà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí kọ́ṣọ̀n yín wà lọ́wọ́ onílé báyìí, tẹ́ ò gba risíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó ní ìjà kankan.

Ẹ wá wo ọjọ́ kan náà ní Ìgbógbó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olùkọ́ ilé ìwé ìjọba, ló ṣe onídùúró fún wa níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹrù kankan tó wọlé, mo fi fóònù ya fọ́tò mẹ́tàlélógójì: gbogbo igun àjà, abẹ́ síńkì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ojú mítà. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá onílé lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dáhùn pé, "Mo ti rí i." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí a ń kó lọ, wọ́n wá, wọ́n rí gíláàsì fèrèsé méjì tó fọ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn kan tó já. Òótọ́ ni, àwọn ìbejì ló ṣe é. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà kún un. Mo ṣí fóònù, mo fi ògiri pálọ̀ hàn wọ́n bí a ṣe bá a. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sún fóònù mọ́ iwájú, wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ san ti gíláàsì àti ilẹ̀kùn." 9,500 náírà. Mo san án lójú ẹsẹ̀.

Ẹ lè sọ pé fọ́tò ló gbà mí, pé kì í ṣe onídùúró. Fọ́tò ṣe tirẹ̀, ẹ ya fọ́tò lọ́nà yòówù tí ẹ bá yàn. Ṣùgbọ́n ká ní owó mi ti wà lọ́wọ́ Ìyá onílé ni, mo lè ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò kí n ṣì máa lọ kí n máa bọ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́ta. Pẹ̀lú onídùúró, onílé ló máa wá bá wa pé nǹkan bàjẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ gbowó ló ń kó ẹ̀rí wá.

Ní ti adójútòfò, àbúrò mi san owó ọ̀sẹ̀ kan tí kì í padà, ó rò pé ó ti bọ́. Nígbà tó ń kó jáde, wọ́n ka ìbàjẹ́, ilé iṣẹ́ náà san án fún onílé, ó sì yí padà gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn: onílé ni ìwé yẹn ń dáàbò bò. Ó ní tó bá tún di dandan, kọ́ṣọ̀n gidi lòun máa san. Mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, onílé ò gbọ́dọ̀ kàn fi kọ́ṣọ̀n sápò kó dákẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ìjà bá sì dé, ẹlòmíràn ló ń dá a. Láti 2019, níbi tí owó ilé ọdún kan ò bá tó 50,000 pọ́n-ùn, kọ́ṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ní Jámánì, òpin rẹ̀ ni owó oṣù mẹ́ta, ayálégbé lè pín in san lẹ́ẹ̀mẹ́ta, onílé sì ní láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó tirẹ̀. Ohun tó mú kí kọ́ṣọ̀n dáa lọ́hùn-ún ni ibi tí owó náà ń sùn. Ní Ìkòròdú, abẹ́ ìrọ̀rí onílé ló ń sùn.

Ojú àti ẹbí

Onídùúró ní ìnira tirẹ̀. Ẹ máa lọ bẹ èèyàn, ẹ sì máa ṣọ́ra fún un títí tí ẹ fi máa kó jáde. Nígbà tí gíláàsì kejì fọ́, iṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ níta. Tí ẹ bá mọ̀ pé owó ilé máa ń pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀.

Onílé wo ló máa gbà?

Onílé tó ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú yín sábà máa ń gbà, pàápàá tí onídùúró bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Èyí tí ajẹ́ńtì tàbí lọ́yà ń bójú tó, ó ṣòro díẹ̀, torí ajẹ́ńtì kì í gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ onílé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fojú rinjú pẹ̀lú onílé kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìdajì owó, ìdajì onídùúró, tàbí kí ẹ pín in sí oṣù mẹ́ta. Ní ti adójútòfò, mi ò tíì rí onílé kan ní Ìkòròdú tó gbà á.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ó wà lọ́wọ́ bí oníkálukú ṣe rí. Ẹni tí kò lẹ́nì kan nítòsí, tó sì lówó lọ́wọ́, kó san kọ́ṣọ̀n, kó gba risíìtì lọ́tọ̀, kó ya fọ́tò. Ẹni tó wà nínú alájẹṣẹ́kù lè yá a níbẹ̀. Ẹ jìnnà sí áàpù fún owó ilé. Ẹni tó bá lẹ́nì kan tó lè sọ pé "mo mọ̀ ọ́n, mo dúró fún un," ẹ lọ bá a kí ẹ tó lọ sí bánkì.

Kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé onídùúró ní ààlà. Tiwa sọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, 100,000 náírà. Ó sọ pé ìbàjẹ́ ilé nìkan ló wà fún, kì í ṣe owó ilé. Ó sọ pé fọ́tò ọjọ́ tí a wọlé ni ẹ̀rí, pé ìlò ojoojúmọ́, bíi ọ̀dà tó ṣá, kì í ṣe ìbàjẹ́. Ó sọ pé tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá lẹ́yìn tí a kó jáde, onídùúró ti bọ́. Onídùúró, onílé, àwa àti ẹlẹ́rìí kan la jọ fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo san 9,500 yẹn, mi ò kúrò níwájú Ìyá onílé títí tí wọ́n fi mú ẹ̀dà tiwọn jáde nínú àpótí, tí wọ́n kọ "a ti parí" àti déètì sí i, tí wọ́n sì fún mi.