Pọ́ǹpù táyà kékeré tí ń lo iná mọ́tò: kí ẹ tó dorí kọ ilé láti ọ̀nà jíjìn

Àbọ̀ ìrìn àjò ni táyà máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ méjì bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Sókótó, mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni, ẹrù inú rẹ̀ kò sì ju báàgì méjì lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, táyà ti kó sí gbogbo kòtò tó wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kontagora, àpò àlùbọ́sà ti kún bùútù, ìṣó tín-ín-rín kan sì lè ti wà lójú táyà láti ọjọ́ mẹ́ta tó ń jò díẹ̀díẹ̀. Láàrin Yauri àti Jẹ́bà, ẹ lè wa mọ́tò títí kí ẹ tó rí fọkanáísà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí à ń dúró sí.

Ohun tí à ń yẹ̀ wò ni pọ́ǹpù táyà olófóltì 12, èyí tí à ń kì bọ ihò ìtanná sìgá tí gbogbo wa fi ń ṣáájì fóònù. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lára lọ́jà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀rọ iná kékeré kan, pístìn, họ́ọ̀sì, gáàjì. Ẹ rà á. Táyà tuntun kan ṣoṣo gbówó lórí jù ú lọ. Àmọ́ irú èyí tí ẹ máa rà àti bí ẹ ṣe máa lò ó ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tí pọ́ǹpù ń fà, ó máa ń wà lára páálí tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Fíúsì ihò ìtanná sìgá nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́ ámpù 15, nínú àwọn mìíràn 10. Pọ́ǹpù onípístìn kan tó ń fa ámpù 8 sí 10 kò ní bá fíúsì 15 jà. Èyí tó ní pístìn méjì lè fa 20 sí 30. Orí bátìrì gan-an ni wọ́n ṣe irú yẹn fún, ó sì máa ń ní ìgbámú méjì, pupa àti dúdú. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun á so ó mọ́ ohun tí yóò wọ ihò sìgá, ẹ má gbà. Fíúsì á jó, ṣáájà fóònù á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, CIG ni wọ́n kọ fún fíúsì yẹn lára àpótí fíúsì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi fíúsì méjì tí ámpù rẹ̀ bá a mu sínú àpò pọ́ǹpù.

Lẹ́yìn ámpù, gígùn wáyà. Pọ́ǹpù tó dé táyà iwájú tí kò dé ti ẹ̀yìn kò wúlò. Fún sàlúùnù, wáyà mítà 3 pẹ̀lú họ́ọ̀sì bí ẹsẹ̀ bàtà 2 ti tó. Ẹ gba ojú wíńdò ẹ̀yìn yọ ọ́ síta. Ẹnu họ́ọ̀sì onírin tí à ń yí mọ́ fáàfù ń pẹ́ ju èyí tí à ń tẹ̀ mọ́ ọn lọ, nítorí rọ́bà inú elétẹ̀ máa ń jẹ, atẹ́gùn á sì máa sá. Àléébù onírin ni pé ó ń gbóná janjan lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan bíi psi 1 (psi ni ìwọ̀n tí à ń fi mọ bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó) sì ń sá kí ẹ tó yí i kúrò tán. Ẹ fi àkísà dì í mú, kí ẹ yí i kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń lò ó, kí bátìrì má bàa kú. Táyà 195/65R15 tó ti wálẹ̀ sí psi 20 máa ń gba bí ìṣẹ́jú 4 sí 5 kó tó pé 32. Ti jíípù ńlá lè gbà tó ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ pa á, kó sinmi tó ìṣẹ́jú 10 míì. Jíà inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike. Bí ooru bá pọ̀, ike á rọ̀, eyín jíà á ré, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ṣùgbọ́n ọwọ́ gáàjì ò ní kúrò lójú kan. Àìsinmi yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú ni iye atẹ́gùn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń pa mọ́: bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ psi sí. Fún sàlúùnù, ó sábà máa ń jẹ́ 30 sí 35, ó sì lè ní iye kejì tó ga díẹ̀ fún ìgbà tí ẹrù bá kún. Òun ni kí ẹ tẹ̀lé. Nọ́ńbà ara táyà fúnra rẹ̀, 44 tàbí 51, òpin ohun tí táyà lè gbà ni. Ẹni tó bá fún un ní 44 torí pé ó rí i kà, mọ́tò rẹ̀ á máa ta lórí kòtò, àárín táyà nìkan ni á sì máa jẹ.

Òwúrọ̀, kí mọ́tò tó rìn rárá, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Táyà tó ti sáré wákàtí méjì lè fi psi 4 sí 6 ga ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án ní Kontagora tó rí 37, kó má yọ atẹ́gùn kankan. Bó bá yọ ọ́, táyà á kéré nígbà tó bá tutù, táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré lábẹ́ ẹrù ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká, tó ń gbóná, tó sì ń bẹ́. Ọyẹ́ tún ń dá kún un. Nǹkan bíi psi 1 ló ń dín bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 5 tàbí 6 tutù sí i, nítorí náà táyà tó pé lọ́sàn-án gangan ní Sókótó lè fi psi 3 dín ní ìdájí.

Gáàjì ara pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú lè fi psi 3 purọ́. Ẹ ra gáàjì kékeré tó dà bíi bírò lọ́tọ̀, kí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Pọ́ǹpù onínọ́ńbà tó ń dá ara rẹ̀ dúró ni a fẹ́ràn jù: ẹ̀ ń tẹ 33, ó ń dé ibẹ̀, ó dúró.

Pọ́ǹpù kì í dí ihò o. Bí táyà kan bá ń wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ po Omo díẹ̀ mọ́ omi nínú ike, ẹ dà á sẹ́nu fáàfù, sójú táyà, síbi tí táyà ti pàdé rìmù. Ibi tó bá ń hó ni atẹ́gùn ti ń jáde. Bó bá jẹ́ ìṣó, tí jíjò rẹ̀ sì lọ́ra, ẹ má yọ ọ́ lójú ọ̀nà: ẹ fẹ́ táyà kó pé, ẹ máa wọ̀n ọ́n níbikíbi tí ẹ bá ti yà, títí dé Ìlọrin tí fọkanáísà pọ̀ sí. Ẹnì kan ni kó dojú kọ gáàjì. Kí ẹnì kejì gbé C-caution sẹ́yìn mọ́tò, kó máa wo ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Táyà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti rìmù tó wọ́ nínú kòtò kọjá agbára pọ́ǹpù. Èyí tó bọ́ lẹ́nu rìmù náà, atẹ́gùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló lè tì í padà, pọ́ǹpù yìí kò sì ní in. Sípía ṣì ni tiyín. Bó bá jẹ́ sípía tín-ín-rín ni, psi 60 ló sábà máa ń gbà, ẹ má sì fi sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan.

Pọ́ǹpù tó ní bátìrì tirẹ̀, tí kò nílò wáyà, rọrùn nínú ìlú. Fún ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò ṣáájì rẹ̀, ooru inú bùútù sì ń ba bátìrì rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá délé, iṣẹ́ ṣì kù fún gáàjì. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn, ẹ wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lówùúrọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún wọ̀n wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Èyí tó bá fi psi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín nígbà tí àwọn yòókù dúró bí wọ́n ṣe wà, ẹ gbé e lọ fún fọkanáísà, kó tú u kúrò lára rìmù, kó lẹ̀ ẹ́ láti inú.