Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Playfair Display: àkọlé ni ilé rẹ̀

Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń fi Playfair Display, fọ́ntì kan (ìrísí lẹ́tà fún ìwé títẹ̀), ṣe èèpo ìwé àti àkọlé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe bàjẹ́, ẹ̀bi tèmi sì ni. Ẹwà rẹ̀ wọ̀ mí lójú débi pé mo fi í to odidi ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní póìntì 10 (póìntì ni a fi ń wọn títóbi lẹ́tà). Lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí mo ti fẹ ojú ewé tóbi, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ìgbà tó jáde lórí bébà ni mo rí i pé ìlà tín-ín-rín tó dábùú inú lẹ́tà e ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní ọ̀pọ̀ ibi, e ti di c. Mo tún gbogbo ìwé náà tò.

Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi, èmi ni n kò kà á sí. Fọ́ntì tí wọ́n bá pè ní "display", ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n yà á fún. Láti póìntì 24 lọ sókè ni mo ti ń lò ó báyìí, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Claus Eggers Sørensen ló ya á, ó sì jáde ní 2011 lórí Google Fonts, àkójọ fọ́ntì ọ̀fẹ́ ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ọ̀rúndún kejìdínlógún ló wò ṣe é, pàápàá iṣẹ́ John Baskerville, òǹtẹ̀wé ará Birmingham. Láyé ìgbà náà, kálàmù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti ń gba ipò ti ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, bébà ti ń dán sí i, yíǹkì ti ń dúdú sí i, ìlà tó tín-ín-rín bí irun sì wá lè hàn. Àwọn kan ń ráhùn nígbà náà pé lẹ́tà Baskerville yóò ba ojú òǹkàwé jẹ́. Ní 1760, Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí Baskerville pé òun mú lẹ́tà Caslon, ẹlòmíràn tó ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, han ọ̀kan nínú àwọn tó ń ráhùn náà, òun sì pè é ní ti Baskerville. Ọkùnrin náà rí gbogbo àléébù tó ń wá nínú rẹ̀.

Ẹ fẹ O ńlá rẹ̀ dé póìntì 200 kí ẹ wò ó: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nípọn, orí àti ìdí rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ẹ wo a kékeré: ibi tí orí rẹ̀ ti tẹ̀ wá sílẹ̀ parí sí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, italic, ni mo fẹ́ràn jù; àmì & rẹ̀ nìkan tó fi ṣe ẹwà èèpo ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àwa tí à ń kọ Yorùbá nìyí. Sørensen ya lẹ́tà kékeré rẹ̀ ga, ó gé ìrù p àti g kúrú, ó sì mú lẹ́tà ńlá rẹ̀ kúrú díẹ̀, kí ìlà àkọlé lè sún mọ́ra gan-an, àní láìfi àlàfo kankan sí i. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó dára púpọ̀. Èmi náà to "Ọmọ" sókè, mo to "Òkun" sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà póìntì 48, àyè láti ìlà kan dé èkejì náà póìntì 48. Àmì ìsàlẹ̀ Ọ já lé àmì ohùn orí Ò, àwọn méjèèjì sì dà bí àbàwọ́n kan ṣoṣo. Mo sún àyè ìlà náà dé 58 kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó rí ibi mí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n àlàfo yín. Àmì wa ń bẹ lókè, ó ń bẹ nísàlẹ̀, méjèèjì ló sì ń jẹ àyè.

Ohun mìíràn: ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Lẹ́tà ni a ń tẹ̀, a wá ń gbé àmì ohùn lé e lórí. Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ tẹ ẹ́, ọ̀, ṣ àti Ṣ ní gbogbo ìwọ̀n tí ẹ máa lò, àti ní italic. Tí ètò kọ̀ǹpútà kò bá rí lẹ́tà kan nínú fọ́ntì, fọ́ntì mìíràn ni yóò ti yá a, ojú á sì dá àlejò náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà rẹ̀ yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Bó ṣe wà látilẹ̀, àwọn nọ́ńbà náà kò ga dọ́gba: 1, 2 àti 0 kúrú bí lẹ́tà kékeré, 3, 4, 5, 7 àti 9 ń rì sísàlẹ̀, 6 àti 8 ń yọ sókè. Nínú gbólóhùn, ó dùn ún wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé tó jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, bí ẹni pé ọdún náà ti ṣubú ni. Àwọn tó dúró dọ́gba wà nínú fọ́ntì náà. Ẹ wá "lining figures" nínú ètò tí ẹ ń lò. Lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ tí ẹ máa kọ ni font-variant-numeric: lining-nums.

Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbà kí a fi ṣe iṣẹ́ olówó. Fún ọ̀rọ̀ inú ìwé, fọ́ntì Georgia bá a mu dáadáa, òun náà ni mo fi tún ìwé tó bàjẹ́ yẹn tò. Playfair wà lórí èèpo rẹ̀, ó sì wà ní orí kọ̀ọ̀kan, ní póìntì 36, e rẹ̀ sì hàn gbangba.