Àyẹ̀wò Ìwé Kapital, Apá Kìíní

Ìwé Kapital, tí Karl Marx fi ṣàlàyé bí ètò ọrọ̀ ajé àwọn olówó ìdókòwò ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì gbé jáde ní ìlú Hamburg lọ́dún 1867, kì í ṣe ìwé tí a fi ń pe oorun. Orí àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí pé ibẹ̀ ni Marx ti mú aṣọ ọ̀gbọ̀ 20 yáàdì àti kóòtù kan ṣoṣo, tó sì ń tú wọn wò títí ó fi hàn pé ọjà kan náà ní ìwúlò fún ẹni tó fẹ́ lò ó, ó sì tún ní iye tí a fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, àti pé láti inú ìtakora méjèèjì yìí ni owó ti yọjú. Ọgbọ́n Hegel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, nìyẹn, àmọ́ Marx sọ pé orí ni Hegel fi gbé ọgbọ́n náà dúró, òun Marx ló sì yí i padà kó lè fi ẹsẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá sú lè fo ibẹ̀, kó kọjá sí orí 10 nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, lórí gígùn ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí ìròyìn àwọn olùbẹ̀wò ilé iṣẹ́ ti ń jẹ́rìí fúnra wọn. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú inú wọn dùn. Apá kejì àti ìkẹta, tí Engels ọ̀rẹ́ Marx tò jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò yẹ ní rírà pọ̀ mọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan náà.