Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti aṣáájú nínú Ìsìláàmù: ilé-kéú kan ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Ilé-kéú kan wà ní Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ohun tí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù sọ nípa ìjọba àti aṣáájú, ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìléwọ́ nìkan ni à ń rà. Mo rọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ lógún pé kó lọ, nítorí pé àáfà tó ń kọ́ wa níbẹ̀ kì í fi ìyapa èrò pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìtàn ọdún 632, nígbà tí Ànábì Muhammad jáde láyé, tí àwọn ará Mẹ̀dínà kóra jọ sábẹ́ àtíbàbà Banu Sa'ida láti yan aṣáájú, tí àwọn kan nínú àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́kà sì lọ bá wọn níbẹ̀, títí tí ọ̀rọ̀ fi já sọ́wọ́ Abu Bakr. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ìdí tí àwọn Ṣíà, ọ̀kan nínú ìjọ Mùsùlùmí ńlá méjì, fi gbà pé Ànábì ti fa Ali, ìbátan rẹ̀ tó tún jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, kalẹ̀ ní Ghadir Khumm, ibì kan láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, àti ìdí tí àwọn Sunni, ìjọ kejì, fi ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí ti ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀, tí kì í ṣe ti oyè. Àáfà to ẹ̀rí àwọn méjèèjì láìbú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó sọ èyí tí àwọn fúnra wọn dì mú.

Ẹ̀kọ́ lórí al-Mawardi, onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó kú ní ọdún 1058, ló dùn mọ́ mi jù. Ohun méje ló ní ó gbọ́dọ̀ wà lára kálífà, ìyẹn aṣáájú gbogbo Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì: òdodo, ìmọ̀ ìdájọ́, ojú àti etí àti ahọ́n tó pé, ara tó le, làákàyè, ìgboyà, àti jíjẹ́ ọmọ Quraysh, ẹ̀yà Ànábì. Gbogbo ènìyàn dá sí ìkeje, nítorí pé Ifẹ̀ ni a wà, níbi tí ọmọ ilé ọlọ́ba mẹ́rin nìkan ti lè jọba, tí àwọn afọbajẹ sì ń yàn nínú wọn. Àáfà wá mú àlàyé Ibn Khaldun, òpìtàn Mùsùlùmí, wá, pé agbára àti ìṣọ̀kan tí Quraysh ní nígbà náà ló gbé e débẹ̀, nítorí náà ibi tí agbára bá ṣí lọ ni ẹ̀tọ́ náà ń tẹ̀ lé. Ní ti iye àwọn tó gbọ́dọ̀ yan kálífà, al-Mawardi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kan sọ pé ẹnì kan tó, àwọn mìíràn ní márùn-ún.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í dún dáadáa lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì yẹ kí wọ́n tètè tún un ṣe.

Ibi tí mo ti rí àbùkù tó jinlẹ̀ ni ti ayé òde òní. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fi kó o jọ: bí Tọ́kì ṣe fòpin sí ipò kálífà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1924, àti bí Ali Abdel Raziq, onímọ̀ Ìsìláàmù ní Íjíbítì, ṣe sọ ní ọdún 1925 pé iṣẹ́ ìjíṣẹ́ ni Ànábì wá ṣe, kì í ṣe ti ìdásílẹ̀ ìjọba, tí àwọn onímọ̀ al-Azhar, ilé-ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ńlá tó wà ní Káírò, fi yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Nígbà tí bàbá kan béèrè bóyá ìbò tí à ń dì ní Nàìjíríà lè dúró fún ìjẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún kálífà, àkókò Màgàríbì ti tó. Ìbéèrè tiwa gan-an nìyẹn, mo sì bẹ àáfà pé kí wọ́n fi ìjókòó púpọ̀ sí i ní sáà tó ń bọ̀.