Sẹ́ẹ̀dì àbí Síì?

Ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta, tí mo ti ń bá àwọn oníbàárà tẹ ìwé, ímeèlì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ iléèwé á ní "síì", màá tẹ C. Á tún pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe síì yẹn o, èyí tó gbẹ̀yìn ni!"

Z ló ń sọ. Sẹ́ẹ̀dì ni àwọn ará ìlú ọba ń pè é, orúkọ tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, tí orísun rẹ̀ sì jẹ́ zeta àwọn Gíríìkì. Síì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Noah Webster fi í sínú atúmọ̀-èdè rẹ̀ ní 1828. Ó dùn nínú orin ABC àwọn ọmọdé, torí ó bá bíì àti díì ṣe rẹ́gí. Àǹfààní tí mo rí nínú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́nu ọmọ Amẹ́ríkà, C àti Z kì í ṣe ìkan náà. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Lẹ́tà 25 ni ááfábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, kò sí z níbẹ̀, s ni ahọ́n ọ̀pọ̀ wa fi ń rọ́pò rẹ̀. Bí síì ṣe di méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó o tilẹ̀ ba sẹ́ẹ̀dì jẹ́ lẹ́nu tó báwo, kò sí lẹ́tà mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

(Àfi Jay-Z, olórin Amẹ́ríkà nì o. Ẹni tó bá pè é ní Jéè Sẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín dalẹ́.)

Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń bi wọ́n pé: "Síì lásán ni, àbí síì sẹ́ẹ̀dì?"